Eegun Ọmọ Mi, Ọwọ́ Ìyáálé Mi

Ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi nígbà tí mo ti Lífápúùlù ní ìlú Òyìnbó dé, tí ẹ ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé òjò ibẹ̀ máa ń funfun, mi ò dá yín lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó rẹ̀ mí, ojú sì ń tì mí. Ẹ ti rí i pé ọmọ tí wọ́n gbé jáde nílé ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ẹ jó, ẹ yọ̀, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìrìn-àjò náà tí mo fi pamọ́ fún yín, òun gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí. Bí ìwé ìrìnnà ṣe jáde, bí Alájì ọkọ mi ṣe bẹ ẹni tó bẹ̀, bí a ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú, n óò fo gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ bá Alájì lẹ́bàá títì, ó fẹ́ràn kó máa sọ ọ́.

Olówú ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

*

Mòwò

Ọmọ erékùṣù Tọ́pò ni mí. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń yan án, iléèwé àwọn fadá ni mo ti kọ́ ìwé. Ègùn ni mo kọ́kọ́ sọ kí n tó gbọ́ Yorùbá, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níléèwé ní Mòwò sì máa ń fi ahọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí n óò fi mú pàṣán. Ní àsìkò tí owó epo ń ya wọlé, tí wọ́n la títì ńlá dé ọ̀dọ̀ wa, tí gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń kọ́lé, símẹ́ńtì àti páànù ni Alájì ń tà ní oríta Mòwò. Ibẹ̀ ló ti rí mi, ibẹ̀ náà ni mo ti gbà fún un. Mo mọ̀ pé ó níyàwó. Ohun tí mi ò mọ̀ ni irú ìyàwó tó ní.

Ìyá Súrà, ìyáálé mi, kò bú mi rí. Ìbá bú mi ni, ara ìbá tù mí. Ọmọ mẹ́ta ló bí, gbogbo wọn ti dàgbà, gbogbo wọn taagun. Ó máa ń lọ ra ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnù, ó ń sọ Faransé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ, bó bá sì ti dé, ẹ̀rín rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò á fi mọ̀. Alájì kì í dáwọ́ lé nǹkan kan kó má kọ́kọ́ bi í. Èmi tí mo kàwé, ìgbà tó bá bi í tán ni yóò tó wá sọ fún mi. Mo jowú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo jowú ẹ̀rín rẹ̀, mo tiẹ̀ jowú bó ṣe ń rìn, pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó.

Èmi, Sẹ́nà nìkan ni mo bí. Ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí eegun tó dábùú láàárín ọrùn àti èjìká rẹ̀ wú. Ó gbóná, kò ṣeé fọwọ́ kàn. A rò pé ó ṣubú ni. Nígbà tó yá, ìyẹn rọlẹ̀, ojúgun òsì bẹ̀rẹ̀. Ojúgun rọlẹ̀, èjìká padà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kì í ṣe arómọléegun. Wọ́n ní kòkòrò ló wọ inú eegun, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ fún oṣù mélòó kan, títí ìdí rẹ̀ fi le. Àwọn kan ní Èkó la ojúgun náà láti fa ọyún jáde. Dókítà jáde wá, ó ń nu ojú. Ó ní, "Ìyá, a ò bá ọyún kankan níbẹ̀." Mo ní kí ni wọ́n wá bá. Ó ní eegun ni.

Àwọn róro kéékèèké tún ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí eegun bá ti fẹ́ dìde. Èmi kò kà á sí. Àgbọn la máa ń rẹ́ nílé wa, mo ní eérú àti èèpo àgbọn ló ń ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ọjọ́ méjì méjì la fi ń gba oúnjẹ sè, gẹ́gẹ́ bí ilé olórogún. Ọjọ́ méjì tèmi, ọjọ́ méjì ti ìyáálé, ẹni tí oúnjẹ bá kàn ló ń bọ́ gbogbo ilé. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé bí oúnjẹ bá ti kan Ìyá Súrà, Sẹ́nà á ṣeré. Á tiro dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń pè ní Màmá Ṣọ́ọ̀bù, á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá ti kan èmi, á sùn sílẹ̀, á máa di ẹsẹ̀ mú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe orogún rí, ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ bá rò? Èmi rò pé obìnrin yìí ń fi nǹkan sí ọbẹ̀ kí ọmọ mi lè fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé kí n bi ara mi léèrè ohun tó ń mú ẹsẹ̀ rọlẹ̀.

Mo ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo rí i tó mú hóró oògùn kan, ó fi eyín ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fi ààbọ̀ sí ọwọ́ Sẹ́nà pẹ̀lú omi. Mo já wọlé.

"Kí lẹ̀ ń fún ọmọ mi?"

Kò fòyà. "Ìyàwó, oògùn orúnkún mi ni, tí mò ń rà ní Kútọnù. Ààbọ̀ ni mò ń fún un, tó bá ti yó. Ó ń tù ú lára. Mo ti fẹ́ bá ẹ sọ ọ́, o ò jẹ́ kéèyàn ráyè bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ta ló ní kí ẹ bá mi wo ọmọ mi sàn?"

Ìbéèrè tí mo bi í nìyẹn, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Ọmọ ẹ ni."

Mo gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ kí ìyá mi ní Tọ́pò, mo jù ú sínú ọ̀sà lójú gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Mo sì sọ fún Sẹ́nà pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ Ìyá Súrà mọ́, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ oògùn yẹn fún bàbá rẹ̀ tàbí fún ẹnikẹ́ni. "Bí o bá dán an wò, èmi kọ́ ni ìyá ẹ mọ́." Ọmọ náà gbà. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ń gbé e lọ sí ilé ìtọ̀.

*

Ibi tí ẹja kò ti ní orí

Òtútù ni wọ́n sọ fún mi pé n óò bá ní Lífápúùlù, níbi tí mo gbé Sẹ́nà lọ fún ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé n óò bá omi. Ẹnu odò ni ìlú náà wà, odò ńlá aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń lọ pàdé òkun, ẹyẹ funfun ń ké lórí rẹ̀ bí ìgbà tí àwọ̀n bá fẹ́ gúnlẹ̀ ní Tọ́pò. Mo dúró sétí rẹ̀, omi sì lé sí mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sọdá, ọkọ̀ tó ní ìjókòó, tó ní fèrèsé, tí wọ́n ń ta tíì nínú rẹ̀. Inú bí mi. Àwa ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀, àwọn ń mu tíì lójú omi.

Wọn kì í kí ara wọn. Mo kí ọkùnrin kan ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta búrẹ́dì pè mí ní olólùfẹ́. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo dúró, mo gbọ́ tó pe ẹni tó wà lẹ́yìn mi bẹ́ẹ̀, ó pe bàbá arúgbó bẹ́ẹ̀, ó pe ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀. Alájì kò pè mí ní olólùfẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, àwọn wọ̀nyí ń rí i gbà pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo ń ra búrẹ́dì lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, ebi ìbáà pa mí, kó má pa mí.

Oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n din ẹja nínú ìyẹ̀fun, wọ́n gé ọ̀dùnkún tì í, wọ́n da omi kíkan lé e, wọ́n fi bébà wé e. Mo tú bébà náà títí, mi ò rí orí. Ọmọ apẹja Tọ́pò ni wọ́n fún ní ẹja tí kò ní orí! Nílé wa, ẹni tí a kò kà sí nìkan là ń fún ní àárín. Mo bi ọkùnrin tó dín in pé níbo ni orí wà. Ó ní wọ́n ti kó o dà nù lójú omi. Mo ní kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀dùnkún díẹ̀ kún tèmi. Sẹ́nà ní tirẹ̀ jẹ ẹ́ tán láì bèèrè orí, ó tún lá ọwọ́. Ìyẹn náà dùn mí. Mo ti di gàrí àti àbólò gbígbẹ láti ilé wá nítorí rẹ̀, kò wo ojú wọn.

Ó yà mí lẹ́nu bí àlejò ṣe ń kéré sí i lójú ara rẹ̀. Nílé, tíṣà ni mí, wọ́n ń dìde kí mi. Níbẹ̀, bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi ń kọ́ ọmọ ni o. Mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí mo ń nà torí ahọ́n, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nínú ọkàn mi.

*

Wọ́ọ̀dù

Obìnrin kan wà ní ibùsùn tó kángun sí tiwa, Mọrín lorúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ já bọ́ lórí ògiri, apá rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ya àwòrán apá, wọ́n rí ibi tó ti ṣẹ́, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun dì í, ó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ẹ̀yin ará ilé, mo jowú apá tó ṣẹ́. Mo jowú àìsàn tó ní orúkọ. Kí Mọrín tó lọ, ó fún Sẹ́nà ní fìlà pupa kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun, Sẹ́nà dé e, kò sì ṣí i mọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Nínú mi, mò ń sọ pé tiẹ̀ ti tán, ìdí nìyẹn tó fi ráyè hun fìlà.

Dókítà méjì ló ń wo Sẹ́nà. Ọ̀gá àgbà oníṣẹ́ abẹ ni ọ̀kan, ọkùnrin gíga, gbogbo ènìyàn ń yà fún un lọ́nà. Èkejì jẹ́ obìnrin tó ti hewú, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀. Ìyẹn kò kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ, ó gba ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè.

"Kí lèyí?"

"Àgbọn ni," mo dáhùn. "A máa ń rẹ́ àgbọn nílé."

Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ṣé ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ́ àgbọn náà?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Róro náà wà níbẹ̀, ó tò lọ bẹẹrẹ. Èmi tí mo bí i, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, mi ò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ wò rí, torí ẹsẹ̀ kan náà ni mò ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn. Àjèjì ló kọ́kọ́ rí i. Bí mo ṣe jowú obìnrin yẹn lọ́jọ́ náà, bóyá ni mo jowú Ìyá Súrà tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gún Sẹ́nà ní oògùn kan sí iṣan, wọ́n ní ká dúró, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ kan tó ń ya gbogbo eegun ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwòrán náà jáde. Ibi tí eegun bá ti ń jà, ó dúdú. Ó dúdú ní èjìká, ó dúdú ní ojúgun méjèèjì, ó dúdú ní eegun ẹ̀yìn níbi tí kò tiẹ̀ tíì dun ọmọ náà. Ọ̀gá àgbà wò ó, ó sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́ẹ́jẹ́, mo gbọ́ ọ. Jẹjẹrẹ.

Wọ́n gé bíńtín nínú eegun èjìká, wọ́n yẹ ẹ́ wò. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo ké orúkọ Ọlọ́run ní Ègùn, "Máwù o!", nọ́ọ̀sì sáré wá, ó rò pé mo ṣubú. Wọn ò tún rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀gá àgbà ní kòkòrò a máa sá pamọ́, ó ní kí wọ́n la ojúgun méjèèjì, kí wọ́n ha inú eegun náà mọ́ dáadáa. Wọ́n fi í sí Ọjọ́bọ̀. Ó ní lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ kan má gùn tó èkejì.

*

Ìbéèrè

Dókítà obìnrin náà wá bá mi ní ọjọ́ Ajé. Sẹ́nà wà lórí ibùsùn, pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀.

Ó ní àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ dókítà kò rí rí láyé wọn. Ọmọdé ló máa ń mú. Eegun á wú níhìn-ín, á wú lọ́hùn-ún, á lọ, á padà. Ẹ óò là á, ẹ ò ní bá ọyún. Ẹ óò fi oògùn tó ń pa kòkòrò lé e, kò ní gbọ́, torí kò sí kòkòrò tí yóò pa. Nígbà mìíràn, ara àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ á máa sọ róro pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ló dìde sí eegun rẹ̀. Wọ́n ń jà kíkankíkan, kò sì sí ọ̀tá kankan nínú ilé."

Ìyá Súrà ló wá sí mi lọ́kàn.

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò gbà pẹ̀lú mi," ó ń bá a lọ, "mo sì nílò ohun tí n óò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹ rántí dáadáa. Ǹjẹ́ oògùn kan wà rí tó mú un rọrùn, tí kì í ṣe èyí tó ń pa kòkòrò? Bóyá oògùn ìrora lásán?"

"Rárá," ni mo wí.

Ẹ má bú mi. Bí mo bá dáhùn, a jẹ́ pé Ìyá Súrà rí ohun tí gbogbo dókítà Èkó kò rí. A jẹ́ pé mo ju ìwòsàn ọmọ mi sínú ọ̀sà fún odindi ọdún kan. A jẹ́ pé Alájì yóò gbọ́. Ó rọrùn fún mi kí wọ́n la ẹsẹ̀. Bó ṣe rí lọ́kàn mi ní ìṣẹ́jú yẹn nìyẹn, mo sì mọ̀ pé Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Dókítà ń kọ nǹkan sílẹ̀. Sẹ́nà wò mí. Ó sọ ọ́ ní Ègùn, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ àfi èmi. Ó ní, "Màmi, ṣé kí n ṣì má sọ ọ́?"

Mo ní, "Sọ kí ni?"

"Ti Màmá Ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní tí mo bá sọ ọ́, ẹ ò ní jẹ́ ìyá mi mọ́." Ó fa fìlà náà wálẹ̀ dé ojú. "Kí wọ́n la ẹsẹ̀ náà. Mi ò ní sunkún."

Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo sì di dókítà náà mú ní apá aṣọ. Mo ní, "Mo purọ́. Oògùn kan wà. Ìyáálé mi ló ń fún un."

Ó ní kí ni ìyáálé. Ẹ gbà mí! Mo wá di ẹni tó ń ṣàlàyé ilé olórogún fún obìnrin àgbà Lífápúùlù lójú ọmọ mi. Mo sọ fún un pé ìyàwó tí mo bá nílé ni, pé ó ń lo oògùn náà fún orúnkún, pé ọmọ ń ṣeré ní ọjọ́ méjì rẹ̀, ó ń sùn sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì tèmi. Ó fi bírò lélẹ̀.

"Ọjọ́ méjì méjì? Ó sì ń padà bó bá dáwọ́ dúró?"

"Ó ń padà."

Ó mi orí. Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà lójú ọ̀nà kó fún ọmọ, pé ó lè dá egbò sí inú, pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Inú mi dùn. Mo ní, "Ṣé ẹ rí i! Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn."

"Báwo ló ṣe ń fún un?"

"Ààbọ̀," mo dáhùn, ohùn mi ti ń lọlẹ̀. "Tó bá ti jẹun yó."

"Ọlọ́gbọ́n obìnrin ni," dókítà wí.

Odindi òkun ni mo sọdá, ìyáálé mi ti débẹ̀ ṣáájú mi.

*

Lẹ́tà

Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Dókítà obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fún Sẹ́nà ní oògùn tirẹ̀, wọ́n wọn ọmọ kí wọ́n tó mọ iye tí yóò lò, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ní kí n kọ̀wé sílé, kí n bèèrè orúkọ oògùn Kútọnù náà, torí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ rí i. Alájì ni mo kọ ọ́ sí. Mi ò lè kọ ọ́ sí Ìyá Súrà. Mo kàn ní kó bá mi bi í léèrè oògùn orúnkún rẹ̀.

Mo ti mọ ohun tí èsì náà máa jẹ́. Yóò bú mi dé ilẹ̀, Alájì yóò sì fi èébú tirẹ̀ kún un. Nígbà tí àpò ìwé náà dé, ó wúwo díẹ̀. Páálí oògùn tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀, Faransé ló kún ara rẹ̀. Ọwọ́ Alájì ló kọ lẹ́tà, ẹnu Ìyá Súrà ló sọ ọ́.

"Ìyá Sẹ́nà, mo kí ẹ o. Mo kí ọmọ wa. Alájì ló ń bá mi kọ ọ́. Páálí ẹ̀ rèé. Mo ti ra òmíràn lẹ́yìn ìyẹn tó bọ́ sómi. Ṣé òtútù ò pa yín? Sọ fún dókítà kó jẹ́ kó jẹun dáadáa kó tó lò ó, kí inú má baà máa ta á. Orúnkún mi ń ṣe dáadáa. Ẹ tètè máa bọ̀ jàre, ilé ò dùn."

Tó bọ́ sómi! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó mọ̀ dáadáa pé mo jù ú ni, gbogbo èrò ọkọ̀ Tọ́pò ló rí mi. Alájì ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ sì lè tú mi síta níbẹ̀, ó ní ó bọ́ sómi. Èmi tí mo ti múra èébú sílẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè fi èyí ṣe. Mo sunkún, lẹ́yìn náà ni mo tún jowú, pé ó tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn náà jù mí lọ.

Ọ̀gá àgbà wo páálí náà. Ó ní ẹbí kan náà ni pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fún ọmọ. Ó wo ẹsẹ̀ Sẹ́nà, èyí tí wíwú rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn, kò sì dárúkọ lílà ojúgun mọ́. Kí oṣù tó parí, ọmọ mi rìn pẹ̀lú mi dé etí odò, a wọ ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ta tíì, a sì mu tíì náà. Kò dùn.

*

Ilé

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé tí mo bá kì í ṣe èyí tí mo fi sílẹ̀. Owó epo ti rọ. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́bàá títì dúró ní ààbọ̀, koríko ń hù nínú yàrá wọn, símẹ́ńtì Alájì sì ti ń dì nínú àpò. Òun náà rù. Ìyá Súrà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, Sẹ́nà sọ̀kalẹ̀, kò dúró dè mí. Ó sáré. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó sáré! Ọ̀dọ̀ ẹni tó sì sá lọ ni ẹ ti mọ̀.

Dókítà obìnrin ti kìlọ̀ fún mi. Ó ní àìsàn náà lè padà wá títí ọmọ yóò fi dàgbà, pé bí oògùn yìí kò bá ká a mọ́, èyí tó le jù ú lọ wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ló ń borí rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà fún dókítà tí yóò máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní Èkó. Ó wá ní kó jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni oògùn yóò máa wà, lẹ́yìn oúnjẹ, ní wákàtí kan náà, kí ẹnì kan má baà fún un tán kí ẹlòmíràn tún fún un. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ké eegun, tí wọ́n la á tí wọn ò bá ọyún, ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí dókítà bá sì bi yín léèrè ohun tó ti lò rí, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀tá yín ló fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi di ìgò oògùn náà mú. Iléèwé ni mo máa ń wà láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi ń pọ́n. Ẹni tó wà nílé, tó ń rí ọmọ nígbà tó bá jẹun, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyáálé mi. Dókítà ní ọwọ́ ẹnì kan ni kó máa wà."

"Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Ọwọ́ yín ló ti wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo gbà á."

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ yẹn. Mo ń retí ọ̀rọ̀ tó ti fi pamọ́ láti ìgbà náà wá. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó mì í.

"Ààbọ̀ ni, àbí odindi?"

"Odindi," mo ní. "Ó ti dàgbà."

"Dìde, Ìyàwó. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Oúnjẹ kàn án lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo gbọ́ tó ní kí Sẹ́nà jẹun tán kó tó lo oògùn, mo gbọ́ tí ọmọ náà ń fi ahọ́n Lífápúùlù pè é ní olólùfẹ́, tí àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyáálé mi, ó lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Mo jowú títí omi fi bọ́ sórí ìwé tí mò ń máàkì. Mi ò pè é.